Ta Ló Ni Àwòṣe? Ìpolówó Ọjà àti Àwọn Ọ̀dọ́langba Òkè Mápó

Ẹ bá àwọn òbí jókòó ní Òkè Mápó, ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjà'ba nílùú Ìbàdàn, kí ẹ dá ọ̀rọ̀ ọmọ ìwòyí sílẹ̀, ẹjọ́ kan náà lẹ máa gbọ́: fóònù ti gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Ọmọkùnrin ọdún 16 kun irun bí ẹyin iná, ọmọbìnrin ọdún 14 ń wá ìpara tí yóò sọ ọ́ di apọ́nbéporé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bákan náà, wọ́n ń jó bákan náà, bákan náà ni wọ́n ń tẹ ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Ẹjọ́ náà kò ṣòro gbọ́. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé ẹ̀sùn méjì ló wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń ta ko ara wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ya ara wọn sọ́tọ̀ jù, wọn kò jọ ará ilé mọ́. Ẹnu yẹn náà ni wọ́n tún fi ń sọ pé gbogbo wọn ti jọra jù, kò sí èyí tó dá yàtọ̀ nínú wọn.

Kí n má fi èrò tèmi pamọ́: jíjọra kọ́ ni àrùn. Ọmọ Ìbàdàn ti ń jọra kí iná mànàmáná tó dé. Ẹni tó ni àwòṣe ló yí padà. Nígbà kan, ẹni tí ọmọ ń wò ṣe, a mọ ilé rẹ̀. Bó bá ṣi ọmọ lọ́nà, a lè lọ ká a mọ́ ilé, ká sọ fún àwọn àgbà ilé rẹ̀. Ní báyìí, ẹni tí ọmọ ń wò ṣe ń gbowó lórí wíwò náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti agbo ilé bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Láàbíran ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò jókòó máa ro irú ẹni tí òun fẹ́ dà. Kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, olóólà ti lè fi àbàjà, gọ̀ǹbọ́ tàbí pẹ́lẹ́ kọ ilé tó ti wá sí i lójú. Bó bá jẹ́ ilé alágbẹ̀dẹ ni, ẹwìrì ń dúró dè é. Bó bá jẹ́ ilé onílù, kọ̀ǹgọ́ ni. Bí ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ bá dá aṣọ ọdún, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá àwọ̀ náà wù ú. Ẹni tó bá ní ìpolówó ọjà ló gba yíyàtọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, ó yẹ kó sọ fún wa ìgbà tó wà lọ́wọ́ wọn lọ́pọ̀ yanturu.

Síbẹ̀, Yorùbá kò jẹ́ kí ẹnì kan sọnù sínú agbo. Oríkì orílẹ̀ lè kárí gbogbo ìdílé, àmọ́ bí ènìyàn bá ṣe ń hùwà ni wọ́n ń fi ti ara rẹ̀ kún un. Orí sì ńkọ́? Ifá sọ fún wa nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Méjì nínú wọn rí orí tó tóbi, tó ń dán, wọ́n gbé e, wọ́n lọ. Wọn kò mọ̀ pé iná kò jó o délẹ̀. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí ń yọ́ dànù díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́, ẹnì kẹta wọn, tó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tó sì dúró kí Àjàlá fúnra rẹ̀ bá òun yàn, ló gbé èyí tó gbó dáadáa. Àwọn tó fi ìtàn yìí lé wa lọ́wọ́ ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tó ń yan ohun tí yóò jẹ́ dúró níwájú àtẹ, àti pé ohun tó ń dán lórí àtẹ lè máà gbó.

Ìpolówó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí òyìnbó fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá. Ẹni tó bá ti gba Ọjà'ba kọjá láàárọ̀ mọ̀ pé oníṣòwò Ìbàdàn kì í dákẹ́ tajà. Ohun tó dé lẹ́yìn ni ìpolówó tí a kò rí ojú ẹni tó ń ṣe é. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ti ń tẹ ìkéde jáde. Ní 1928 ni wọ́n dá West African Publicity sílẹ̀, ilé iṣẹ́ apolówó ọjà tó padà di Lintas. Ọdún kejì rẹ̀, 1929, ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó, iṣẹ́ Taffy Jones, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà tó gun òkè náà. Nígbà tó di 1939, ìjọba ti ń fa wáyà asọ̀rọ̀mágbèsì wọ ilé ní Ìbàdàn. Àpótí kan ni gbogbo agbo ilé máa ń gbọ́. Bí wọ́n bá polówó ọṣẹ tàbí oògùn ẹ̀fọ́rí níbẹ̀, ìyá àgbà lè pòṣé, bàbá lè ní irọ́ ni wọ́n ń pa, ọmọ á sì gbọ́ ìpolówó àti èsì rẹ̀ pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èsì yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n dé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n sì fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti ilé iṣẹ́ Overseas Rediffusion ni wọ́n jọ dáwọ́ lé e, owó ìpolówó sì wà nínú ohun tí wọ́n gbójú lé láti ọjọ́ kìíní. Àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé èyí. Wọ́n á ní tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wà fún ẹ̀kọ́, ti ìsinsìnyí ló wà fún ọjà. Ọjà ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe àjèjì: Aníkẹ̀ẹ́ Agbájé-Williams àti Kúnlé Ọláṣọpé ń gbé láàárín wa, Mọ́ṣéè Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá ń fi aṣọ tó tóbi jù ú lọ pa wá lẹ́rìn-ín. Kò sí ọmọ tó fẹ́ múra bíi Bàbá Sàlá. Mi ò ní ká tìtorí ìyẹn máa kọrin ìgbà àtijọ́.

Ìgbà àtijọ́ pàápàá kò fọkàn balẹ̀. Ní ọdún 1940 sí 1949, sinimá ni wọ́n dá lẹ́bi. Ìwé ìròyìn Èkó ń pariwo àwọn ọmọ ìgboro tí wọ́n ń pè ní bọ́mà bọ́ìsì, Ìbàdàn ń pariwo jàgùdà, wọ́n ní fíìmù ìbọn láti Amẹ́ríkà ló kọ́ wọn ní ìwà àti ìmúra. Ìjọba amúnisìn fi Donald Faulkner ṣe òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní Èkó ní 1941 nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n pariwo lé lórí nígbà náà ni bàbá àgbà àwọn tó ń pariwo lónìí.

Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ ayé rẹ̀ gba inú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kọjá, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í dárúkọ rẹ̀ tí a bá ń sọ ọ́. J. D. 'Okhai Ojeikere ni. Ní 1954, ó ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn. Ní 1961 ó di ayàwòrán Ilé Tẹlifíṣọ̀n, ní 1963 ó kó lọ sí Èkó, ó sì ń ya fọ́tò fún West African Publicity títí di 1975. Tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ àti ilé iṣẹ́ apolówó ọjà tó dàgbà jù, ọwọ́ ẹnì kan náà ló fi ya àwòrán fún àwọn méjèèjì. Ohun tó sì wá gbé e dé gbogbo ayé kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Láti 1968 ló ti ń ya orí àwọn obìnrin tó di irun, ọ̀pọ̀ láti ẹ̀yìn, tí ojú kò hàn, títí fọ́tò irun fi tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ wo àwọn fọ́tò náà dáadáa. Onílé gogoro wà níbẹ̀, irun tí wọ́n fi òwú dì sókè bí ilé alájà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ní Èkó. Ìlú ńlá, ìròyìn àti ilé tuntun ti wọ inú irun. Àwọn onídìrí rí ohun tó wà níta, wọ́n gbé e sórí. Àwòṣe ni, kò sì sẹ́ni tó lè ní kò sí ọgbọ́n orí ẹni tó dì í nínú rẹ̀. Orí méjì tó ní orúkọ irun kan náà kò jọra nínú àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn, nítorí ìlà irun ní láti tẹ̀ lé bí ìpàkọ́ ṣe rí.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lónìí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lẹ́sẹ̀ Òkè Mápó. Pátákó ńlá tó ní àwòrán orí wà lára ògiri, wọ́n fi nọ́ńbà sí orí kọ̀ọ̀kan, oòrùn ti bó o débi pé gbogbo orí náà ti ń pọ́n bí epo pupa. Kò sí ọmọ tó ń wo pátákó yẹn mọ́. Ọmọkùnrin á wọlé, á na fóònù tí dígí rẹ̀ ti sán sí onígbàjámọ̀, á fi ìka méjì fa àwòrán agbábọ́ọ̀lù tàbí olórin kan kó tóbi. "Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyí, ẹ̀gbọ́n." Onígbàjámọ̀ á wo fóònù, á wo orí ọmọ, á tún wo fóònù. "Orí ẹ ò gùn báyẹn. Máa bá ẹ ṣe é kó bá ẹ mu." Wọ́n á dúnàá-dúrà, ọmọ á ní kó má kan iwájú, iná NEPA á lọ, wọ́n á yí jẹnẹrétọ̀, ìgbà tó bá fi máa dìde, ohun tó gbé kúrò níbẹ̀ kì í ṣe irun agbábọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe irun bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé òkèèrè bá ń sọ pé ìpolówó ń sọ gbogbo ọ̀dọ́ ayé di ẹyọ kan, ó máa ń ṣe mí bíi kí wọ́n wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn fún wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n irun máa ń hù padà. Ohun mìíràn wà tí kì í hù.

Ìwádìí kan tí wọ́n máa ń tọ́ka sí lórí bí ohun tí ọmọ ń wò ṣe ń yí ojú tó fi ń wo ara rẹ̀ padà wá láti erékùṣù Fiji. Tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè Nadroga ní 1995 nígbà tí Anne Becker láti Harvard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé nípa oúnjẹ àti ara wọn. Wọ́n padà lọ bi àwọn mìíràn tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà ní 1998. Àwọn tí ìdáhùn wọn fi hàn pé oúnjẹ ti ń di ìjà lọ́kàn wọn kúrò ní 12.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 29.2. Ní 1995 kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní òun ń fi agídí bì nítorí àtitẹ́ẹ́rẹ́. Ní 1998 wọ́n jẹ́ 11.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹlẹ́ran ara ni Fiji ń yìn tẹ́lẹ̀, bíi tiwa. Ìwádìí náà kéré: ọmọ 63 ní ìgbà àkọ́kọ́, 65 ní ìgbà kejì. Síbẹ̀, ọdún mẹ́ta péré ni.

Lódìkejì, àwọn olùwádìí Amy Orben àti Andrew Przybylski yẹ ìdáhùn àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 350,000 ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà wò ní 2019. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń lo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó kò ṣàlàyé ju 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí ara tù àti ẹni tí ara kò tù. Wọ́n fi jíjẹ ọ̀dùnkún wé e: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ lára tó fóònù, wíwọ awò ojú tilẹ̀ jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó sì di 2021, ìwé ìkọ̀kọ̀ ilé iṣẹ́ Facebook tí Frances Haugen tú síta fi hàn pé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti bi àwọn ọmọbìnrin léèrè: nínú àwọn tí ara wọn kò tẹ́ lọ́rùn tẹ́lẹ̀, 32 nínú ọgọ́rùn-ún ní Instagram ń dá kún un.

Lójú tèmi, àwọn ìwádìí wọ̀nyí kò bára wọn jà tó bí àwọn tó ń gbé wọn kiri ṣe ń fẹ́ kí wọ́n jà. Orben àti ẹnìkejì rẹ̀ ka wákàtí. Becker wo ohun tó wà nínú wákàtí náà. Ọmọ méjì lè fi wákàtí mẹ́ta wo fóònù lójúmọ́, kí ọ̀kan máa wo bí wọ́n ṣe ń gé bùbá, kí èkejì máa wo bí wọ́n ṣe ń bóra.

Bíbóra ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ká wa mọ́. Yorùbá ń yin apọ́nbéporé, ó ń yin adúmáadán; ìyàwó méjèèjì ní orin tiwọn. Ìpolówó ìpara mú ọ̀kan, ó ju èkejì nù. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2011 pé 77 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà ló ń bóra. Gbogbo ìwé ìròyìn ló ń tún un kọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ti inú ìwádìí kékeré kan jáde, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn oníṣòwò ní Èkó, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn tí wọ́n bi kò tó 500, ọkùnrin sì wà nínú wọn. Kò lè ṣojú fún gbogbo obìnrin orílẹ̀-èdè, ká má tilẹ̀ sọ ti ọmọ ọdún 15 ní Bẹẹrẹ. Kò yẹ ká fi nọ́ńbà tí kò lẹ́sẹ̀ jà fún ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kéde ní 2023 pé bíbóra ti di pàjáwìrì ìlera, wọ́n sì ti ń kìlọ̀ lórí mẹ́kúrì àti haidirokuínóònù tó wà nínú ìpara. Ẹni tó bá rìn yí ọjà ká kò nílò nọ́ńbà: ike kékeré tí wọ́n po ìpara sí, tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́, tí wọ́n lẹ bébà pélébé mọ́ pé yóò jẹ́ kí ara "tan". Owó ike kékeré yẹn kò ju ohun tí ọmọ ilé ìwé lè fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì rà. Bí ọmọ bá kun un tán, oríkèé ìka rẹ̀ á dúdú, ojú rẹ̀ á pọ́n, ó sì ṣòro láti dá a padà.

Ká wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Marlian. Ní 2019, olórin Naira Marley, ọmọ Agége tó dàgbà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ gàù EFCC ní oṣù Karùn-ún, orúkọ rẹ̀ sì gba ilẹ̀ kan. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pe ara wọn ní Marlian, àmì wọn sì ni pé Marlian kì í de bẹ́líìtì. Láàárín oṣù díẹ̀, ṣòkòtò ọmọ ilé ìwé ti ń wálẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Olùkọ́ ń lé wọn padà sílé, pásítọ̀ àti àlùfáà ń wàásù lé e lórí. Mo rò pé ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn oníwàásù náà kò rí ni pé àṣà yìí ni ó rọ ọmọ tálákà lọ́rùn jù. Kò ní kí o ra ohunkóhun. Kí o yọ bẹ́líìtì ni, ìwọ náà ti wà nínú ẹgbẹ́. Ọmọ tí kò ní bàtà gidi lè jẹ́ Marlian bíi ọmọ olówó. Ìpolówó ni lóòótọ́, ìpolówó orin àti eré olórin náà, àwọn ọmọ sì ń bá a polówó lọ́fẹ̀ẹ́ lójú títì. Ṣùgbọ́n kí ọdún mẹ́ta tó pé, bẹ́líìtì ti padà sídìí ṣòkòtò láìsí ọgbẹ́ kankan. A fi gbogbo agbára wa bá bẹ́líìtì jà, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan lórí ike ìpara.

Èyí ló mú mi padà sórí èsì ìyá àgbà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ń sọ ohun kan náà fún gbogbo ilé. TikTok kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ka bí ọmọ ṣe pẹ́ tó lórí fídíò kọ̀ọ̀kan, èyí tó wò tán, èyí tó tún wò, èyí tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ó sì ń fi ìyẹn yan èyí tó kàn. Bí ọmọbìnrin kan bá dúró díẹ̀ lórí fídíò ẹnì kan tí ara rẹ̀ ń dán, tí kò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan, mẹ́ta mìíràn á tẹ̀ lé e. Ọmọ náà wà lábẹ́ aṣọ, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn há etí. Kò sí ẹni tó máa pòṣé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà kò ní òun ń polówó. Ó ní ohun tí òun ń lò nìyí, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Owó tí wọ́n san fún un kò hàn nínú fídíò.

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. APCON, àjọ tó ń rí sí ìpolówó, tí wọ́n dá sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ìjọba ológun nọ́ńbà 55 ti 1988 ti di ARCON lábẹ́ òfin 2022, òfin náà sì ní kí ìpolówó gba ìyẹ̀wò kí ó tó jáde, ìbáà ṣe lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ní ọdún yẹn kan náà, ARCON pe Meta tó ni Facebook lẹ́jọ́, ó ní kó san ₦30 bílíọ̀nù nítorí ìpolówó tí kò gba ìyẹ̀wò. Ó tún fòfin de lílo àwọn òyìnbó àti àwọn àjèjì mìíràn nínú ìpolówó láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2022. Ó dára. Àmọ́ ẹ wo pátákó ìpolówó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà: ọmọ Nàìjíríà ló wà níbẹ̀ báyìí, ó kàn jẹ́ pé èyí tó pọ́n jù nínú wa ni wọ́n máa ń mú.

Ẹni tó bá ní òfin kò lágbára lórí ìpolówó, kó rántí sìgá. Wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1937, ìran kan sì dàgbà tí ọkùnrin tó gbafẹ́ nínú ìpolówó kò lè ṣe kó má fa èéfín sókè. Òfin sìgá 2015 ka irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ọmọ tó wà ní Mápó lónìí lè máa mu sìgá, àmọ́ kì í ṣe pátákó ló kọ́ ọ. Ti ọtí inú ọ̀rá kò rọrùn bẹ́ẹ̀: NAFDAC bá àwọn tó ń ṣe é fọwọ́ síwèé ní 2018, ó fẹ́ mú un ṣẹ ní oṣù Kejì 2024, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀hónú hàn, wọ́n sún un síwájú, ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀. Ti tẹ́tẹ́ ló burú jù lójú mi. Òfin ní ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ta á, ṣùgbọ́n ilé tẹ́tẹ́ Bet9ja ló wà lẹ́yìn BBNaija ní 2019, ètò tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń jí wò lóru, orúkọ ilé tẹ́tẹ́ sì wà láyà aṣọ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wọ̀. Mo mọ ilé ìwé kan tí olùkọ́ ti máa ń dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ní àárọ̀ Mọ́ńdè, tó ń gé irun ọmọ tó bá ti pọ̀ jù. Ilé tẹ́tẹ́ wà ní òdìkejì títì. Sísọ́ọ̀sì kò sọdá débẹ̀ rí.

Àwọn oníléeṣẹ́ náà mọ ọ̀nà géètì ilé ìwé. Indomie dé Nàìjíríà ní 1988, ó sì ti ní ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tirẹ̀ tipẹ́. Cowbell tó ń ta mílíìkì bẹ̀rẹ̀ ìdíje ìṣirò fún ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1998. Mi ò ní bú ìdíje ìṣirò. Ọmọ tó gba ẹ̀bùn níbẹ̀, ìṣirò ló mọ̀, kì í ṣe mílíìkì.

Ní òkèèrè, wọ́n ti gbìyànjú oríṣiríṣi. Quebec ní Kánádà kò gba ìpolówó sí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 13 láti 1980, Sweden fòfin de ti orí tẹlifíṣọ̀n fún àwọn tí kò tí ì pé 12 láti 1991, ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí wọ́n má fi ìwà ọmọdé lórí ayélujára yan ìpolówó fún un mọ́, Ọsirélíà sì ti ìkànnì mọ́ gbogbo ẹni tí kò tí ì pé 16 láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2025. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn òbí kan ń fẹ́ ká ṣe níbí. Mi ò rò pé yóò dúró. Fóònù kan ni ènìyàn mẹ́rin ń lò ní ọ̀pọ̀ ilé ní Òkè Mápó: ìyá fi ń gba álẹ́ẹ̀tì owó ọjà, ẹ̀gbọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù, àbúrò gbà á nígbà tí ìyá bá ń dáná. Orúkọ àti ọjọ́ orí ìyá ló wà lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún 45 ni gbogbo wọn lójú ìkànnì.

Ohun tí àwọn tó kọ òfin wọ̀nyẹn kò sì tí ì kọ́ níbí ni pé ọ̀dọ́langba Mápó ti kúrò ní ẹni tí wọ́n ń polówó fún nìkan. Ọmọbìnrin ọdún 17 tó ń kọ́ iṣẹ́ irun gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ya fídíò orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, kó gbé e sórí status WhatsApp kí oníbàárà tó dìde. Ọmọ télọ̀ ń ya bùbá tó rán lára àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní ọ̀sán Sátidé, níbi tí àwọn aláríyá ti ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ayẹyẹ ìgbéyàwó. Ọ̀gá rẹ̀ tí kò mọ̀wé púpọ̀ ń bá a yan orin tó máa wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n ń rán láti polówó ìpara inú ike kékeré, wọ́n á fi ojú ara wọn ṣe àpẹẹrẹ.

Bí a bá ń wá ẹni tí a mọ ilé rẹ̀, ó wà níbí. Àwọn onídìrí, àwọn télọ̀, àwọn onígbàjámọ̀ ní ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìpàdé. Wọ́n ní alága àti akọ̀wé. Wọ́n ń dá iye owó iṣẹ́ lé, wọ́n ń bu owó ìtanràn fún ẹni tó bá gba ọmọ iṣẹ́ ẹlòmíràn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọ ṣe fíríidọ̀mù láìpé ọdún rẹ̀. ARCON lè jókòó ní Àbújá kó máa bá Meta ṣẹjọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ onídìrí lè fi ìpàdé kan ṣoṣo sọ ọ́ di òfin pé ọmọ iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fi ojú rẹ̀ polówó ìpara, kò sì gbọ́dọ̀ ta á fún ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé, kí wọ́n sì kọ iye owó ìtanràn rẹ̀ sínú ìwé kan náà tí wọ́n kọ owó irun dídì sí.